Swaminatha Iyer, Olùgbàlà Ìwé Tamil
Ọdún 1855 ni wọ́n bí U. V. Swaminatha Iyer, ọmọ Tamil ní gúúsù Íńdíà. Ẹlẹ́sìn Shiva ni. Ní 1880, nígbà tó ń kọ́ni ní Kumbakonam, adájọ́ kan bi í léèrè nípa Cintamani, ewì àtijọ́ tí ẹlẹ́sìn Jain kan kọ. Kò kà á rí. Nígbà tó rí i kà, kò yé e. Ó tọ àwọn ẹlẹ́sìn Jain lọ, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1887. Ní 1898, ó tẹ Manimekalai, ewì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Orí ewé ọ̀pẹ tí kòkòrò ń jẹ ló ti dà wọ́n kọ. Ó kú ní 1942. Kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tó bá ń sá fún ẹsẹ Ifá nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kó rántí Iyer.