Fanny Crosby, Afọ́jú Tí Ó Ń Kọ Orin Ìyìn

Ojú lọba ara. Bí ojú ẹnìkan bá fọ́ láàrin wa, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ dìde ni pé: ta ni ó ṣe é, kí sì ni òun náà ṣe? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe tiwa nìkan. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù fẹ́ mọ̀ bóyá afọ́jú kan ni ó ṣẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó sì la ojú ọkùnrin náà. Ojú ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò là títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1820, ni a bí Frances Jane Crosby ní agbègbè Putnam, ní ìpínlẹ̀ New York, Amẹ́ríkà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn fi músítádì gbígbóná dì í lójú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé kò ríran mọ́. Àwọn dókítà kan lóde òní rò pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti bá a wáyé. Fanny ní tirẹ̀ gbà pé ọkùnrin náà ni, ó sì dárí jì í.

Kí ọdún náà tó parí, bàbá rẹ̀ kú. Mercy, ìyá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kí wọ́n lè jẹun. Eunice, ìyá àgbà, ni ó di ojú fún ọmọ náà. Òun ni ó ń ṣàlàyé òdòdó àti ẹyẹ fún un, tí ó sì ń kọ́ ọ ní Bíbélì. Nígbà tí Fanny tó ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Valentine Mott, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní ìlú New York. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ẹ kíyè sí i pé onígbàgbọ́ ni ìyá yìí, àdúrà kò sì dí i lọ́wọ́ kí ó má lọ rí dókítà.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan kì í rí ohun tí ó bá jìnnà. Níbi ìpàdé àdúrà kan, wọ́n ní kí ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, pé bí kò bá bọ́ ọ, a jẹ́ pé kò nígbàgbọ́. Ó bọ́ ọ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi rí ohun tí olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó. Ẹni tí ó fún un ní àṣẹ yẹn ìbá ka Máàkù orí 8: ẹ̀ẹ̀mejì ni Jésù fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé afọ́jú Bẹtisáídà kí ó tó ríran kedere. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, a kò sì yọ ọ́. Nítorí Gálátíà 4:15, àwọn kan rò pé àìsàn ojú ni.

Ní 1835, Fanny wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní ìlú New York, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1858, ó fẹ́ Alexander van Alstyne, olórin tí òun náà jẹ́ afọ́jú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí kú ní kékeré.

Láti 1864 ni ó ti gbájú mọ́ orin ìyìn. Ó lé ní 8,000 tí ó kọ, dọ́là kan tàbí méjì ni wọ́n sì sábà máa ń san fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó kọ orin tí a fi ń bẹ Olùgbàlà pé kí ó má ṣe kọjá wa, èyí tí a ń kọ ní Yorùbá títí di òní. Ní 1868 ni. Bí mo bá gbọ́ ọ, Bátíméù ni ó ń wá sí mi lọ́kàn, ẹni tí ń ké lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ṣùgbọ́n Bátíméù fẹ́ ríran. Àánú ni Fanny tọrọ nínú orin tirẹ̀.

Ó tilẹ̀ sọ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan pé, bí wọ́n bá fún òun láyè láti yàn, kí wọ́n bí òun ní afọ́jú ni òun ìbá yàn, kí ó lè jẹ́ pé ojú Jésù ni òun yóò kọ́kọ́ rí. Èmi kò lè gba irú àdúrà yẹn fún ara mi.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 1915, ó kú ní Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní ẹni ọdún 94. Níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.