Ladi Kwali, amọ̀kòkò

Àwa ará Ahoyéyé tí à ń ná ọjà ẹnu ààlà mọ owó náírà 20 dáadáa. Ẹ yí i sí ẹ̀yìn: láti ọdún 2007 ni àwòrán obìnrin amọ̀kòkò kan ti wà níbẹ̀. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí i láàrin ẹ̀yà Gbagyi, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Ladi ni orúkọ tí àwọn Hausa ń sọ ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú; Kwali sì ni ìlú rẹ̀. Kò lọ sí ilé-ìwé. Obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ amọ̀. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń mọ ìkòkò: yóò gbé amọ̀ kalẹ̀, yóò máa fi èyí tí ó ti yí bí okùn kún un, yóò sì máa rìn yí i ká. Lẹ́yìn náà ni yóò fín alángbá, àkekèé, ẹja àti ọ̀nì sí i lára.

Iná gbangba ni wọ́n fi ń sun ìkòkò ní Kwali. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ìyẹ̀fun ni amọ̀. Ẹyọ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i. Bí iná bá mú un, àwọn ẹyọ náà á lẹ̀ mọ́ra níbi tí wọ́n ti fara kanra, ṣùgbọ́n àyè kéékèèké ṣì wà láàrin wọn. Ibẹ̀ ni omi ń gbà rin sí ara àmù. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, omi inú àmù á sì tutù.

Ní ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, rí ìkòkò Ladi ní ààfin ọba Abuja, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Cardew dá ilé-ẹ̀kọ́ amọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ladi wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Omi ń hó ní ìwọ̀n 100. Ìléru Cardew ń gbóná tó nǹkan bí 1300. Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú amọ̀ á yọ́, á ṣàn sí àárín àwọn ẹyọ tí kò yọ́, á sì fà wọ́n mọ́ra. Àyè á dí. Ìkòkò á súnkì, á le bí òkúta, kò sì ní rin omi mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní mú omi tutù mọ́ pẹ̀lú. Àwọn tí ń yin ìléru kì í sábà sọ èyí. Àmù Ladi, tí àwọn obìnrin fi ń tọ́jú omi, wá di ohun tí àwọn olówó ń gbé sí yàrá fún wíwò.

Bí iná bá pọ̀ jù, ìkòkò á wọ́. Bí ó bá kéré jù, àyè kò ní dí. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹyọ ìyẹ̀fun, ti amọ̀ tàbí ti irin, yóò ṣe lẹ̀ mọ́ra, àti bí nǹkan náà yóò ti súnkì tó, kí wọ́n tó dáná rárá. Ní ayé Ladi, àfi kí a kọ́kọ́ dáná. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè fọ́ ní òru kan.

Ó mọ ìkòkò lójú àwọn ará London, àti ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1972. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní ọdún 1962. Ní ọdún 1977, yunifásítì Ahmadu Bello sọ obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí di dókítà. Ó kú ní ọdún 1984, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ amọ̀ Suleja.