Ìtàn Suger, Ẹni tí ó Tún Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Denis Kọ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó kọ́ ilé Ọlọ́run ní ilẹ̀ Faransé nígbà àtijọ́, ó yẹ kí a dárúkọ Suger. Ọdún 1081 ni a bí i, kì í sì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 10, àwọn òbí rẹ̀ fi í fún àwọn mọ́ńkì Saint-Denis, nítòsí Paris. Àwọn ni ó tọ́ ọ, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní ìwé. Ní ọdún 1122 ó di olórí ilé náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ lókìkí, nítorí ibẹ̀ ni a ń sin àwọn ọba sí; ṣùgbọ́n ó ti gbó, ó sì há. Ní ọjọ́ àjọ̀dún, èrò a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wọlé kì í lè yí ẹsẹ̀ padà, tí àwọn obìnrin a sì máa ké fún ìrora. Suger pinnu láti mú ilé náà gbòòrò.

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́kọ́ tún kọ́, pẹ̀lú ẹnu-ọ̀nà ńlá mẹ́ta. Nígbà tí ó ku igi àjà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní kò sí igi tí ó tóbi tó ní gbogbo agbègbè náà. Ọ̀nà jíjìn ni a ó ti mú un wá. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Suger sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó mú ìwọ̀n igi náà lọ́wọ́, ó kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́yìn, ó di inú igbó Iveline. Àwọn olùṣọ́ igbó rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Ó ń la ẹ̀gún kọjá, ó ń wá a kiri. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti rí igi 12, iye tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ gan-an.

Ní ọdún 1140 ni a ya apá iwájú náà sí mímọ́. Ní ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ apá ibi pẹpẹ, a sì yà á sí mímọ́ ní 1144. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìṣáájú, ògiri ni ó ń ru òrùlé òkúta; nítorí náà ògiri a nípọn, fèrèsé a kéré, inú ilé a sì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n àwọn mọlémọlé Suger fi egungun òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ gbé òrùlé ró, wọ́n sì mú kí orí àtẹ́rígbà ṣóńṣó, tí ẹrù fi ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òpó. Bí ẹrù ti kúrò lórí ògiri, àyè ṣí sílẹ̀ fún fèrèsé ńláńlá, onídíńgí aláràbarà, tí ìtàn Bíbélì wà lára wọn.

Àwọn kan nígbà náà, bí Bernard ti Clairvaux, kò fẹ́ kí a máa ṣe ilé Ọlọ́run lọ́ṣọ̀ọ́ púpọ̀ nígbà tí tálákà ń bẹ lóde. Suger gbà pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí lè gbé ọkàn sókè sọ́dọ̀ Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí. Ọ̀nà ìkọ́lé náà sì tàn ká, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé.

Nígbà tí Ọba Louis Keje lọ sí ogun ní Ilẹ̀ Mímọ́, láti 1147 dé 1149, Suger ni ó di ìjọba mú fún un. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní, ọdún 1151. Ìsàlẹ̀ apá pẹpẹ tí ó kọ́ ṣì dúró títí di òní.

Àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ yóò dé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó há, a ó sì gbọ́ pé ohun tí a ń fẹ́ kò sí. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ inú igbó lọ wò.