Béla Guttmann, ẹni tí wọ́n ní ó ṣépè fún Benfica

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Béla Guttmann rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í fi bọ́ọ̀lù Yúróòpù ṣeré. Bí orúkọ náà bá sì ti jáde, èpè ló ń tẹ̀lé e. Wọ́n ní ọkùnrin yìí fi ìbínú kúrò ní ẹgbẹ́ Benfica ti ìlú Lisbon ní 1962, ó sì ṣépè pé títí ọgọ́rùn-ún ọdún wọn kò ní gba ife Yúróòpù mọ́. Láti ìgbà náà Benfica ti dé ìdíje àṣekágbá ní Yúróòpù ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, wọn kò sì rí ọ̀kan gbà. Ìtàn náà dùn ún sọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. A mọ èpè, a kò mọ ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, a ó padà sórí èpè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú. Ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, ọ̀rọ̀ Faransé la fi ń pe ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, a kàn ń sọ pé entraîneur. Àwọn ará Nàìjíríà ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ tú u wò bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì: a-kọ́-ni-mọ̀-ọ́n-gbá, ẹni tó ń kọ́ni títí a fi mọ̀ ọ́n gbá. Odindi gbólóhùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ orúkọ kan. Òun ni n ó máa lò.

Budapest ni wọ́n bí Guttmann sí, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1899, nígbà tí Húngárì àti Ọ́stríà ṣì wà lábẹ́ ọba kan náà. Júù ni wọ́n. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ijó, òun náà sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ijó nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Bọ́ọ̀lù ló padà yàn. Ó wọ MTK, ẹgbẹ́ ńlá Budapest nígbà náà, ó ń gbá ààrin, ó sì bá wọn gba líìgì ní 1920 àti 1921. Ṣùgbọ́n ayé kò rọ Júù lọ́rùn ní Húngárì lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ní 1920 ìjọba ṣe òfin tó dín iye Júù tó lè wọ yunifásítì kù. Guttmann kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Vienna, ó wọ Hakoah, ẹgbẹ́ àwọn Júù, àwọn ló sì gba líìgì Ọ́stríà ní 1925.

Ní 1924 Húngárì mú un lọ sí Òlíḿpíìkì ní Paris. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó wọn sí ní Montmartre kì í ṣe ibi tí eléré ìdárayá ti lè sùn. Ariwo ń lọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, eku ń rìn kiri nínú yàrá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wọn lọ pọ̀ ju agbábọ́ọ̀lù lọ, fàájì ni wọ́n sì bá lọ. Guttmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa eku, wọ́n so òkú eku mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Íjíbítì na Húngárì 3-0. (Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Kamẹrúùnù ọdún 1990 ni Áfíríkà kọ́kọ́ fi ya Yúróòpù lẹ́nu, ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀.) Wọn kò pe Guttmann sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mọ́.

Ní 1926 Hakoah rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta ènìyàn ló wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní pápá Polo Grounds ní New York. Guttmann rí i pé owó wà níbẹ̀, ó dúró. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ New York, ó gba ife Amẹ́ríkà ní 1929, ó tún ní ìpín nínú ilé ọtí kan ní àsìkò tí òfin ibẹ̀ kò gba ọtí títà. Ó kó owó rẹ̀ sí ọjà ìpín-ìdókòwò. Ní òpin ọdún 1929 ọjà náà wó, owó lọ. Nígbà tó fi máa padà sí Vienna ní 1932, ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 34, kò sì kó ohun púpọ̀ bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí a bá dé ibi tó ti ń bá àwọn aláṣẹ jà lórí owó.

Ní 1933 ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Hakoah. Ó lọ sí Enschede ní Họ́láńdì, ó padà sí Vienna. Ní oṣù kẹta 1938 àwọn Násì wọ Ọ́stríà, wọ́n tú Hakoah ká. Ó sá padà sí Budapest, ó gba ẹgbẹ́ Újpest, ó sì fi wọ́n gba líìgì Húngárì àti ife Mitropa ní 1939, ife tí àwọn ẹgbẹ́ ààrin gbùngbùn Yúróòpù ń dù nígbà náà. Ọdún kan náà ni òfin Húngárì lòdì sí Júù tún le sí i. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ibí yìí, ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fo ọdún mẹ́fà. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé Switzerland ló wà nígbà ogun. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́. Ìwé tí David Bolchover tẹ̀ jáde ní 2017 ló là á yé wa. Guttmann kò kúrò ní Húngárì. Ní 1944, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ìlú tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó Júù lọ, ó sá pamọ́ sí òkè àjà ilé kan nítòsí Budapest. Arákùnrin ìyàwó rẹ̀, tí kì í ṣe Júù, ló fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un lọ sí àgọ́ iṣẹ́ ipá, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1944, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bọ̀, òun àti àwọn mìíràn bẹ́ lójú fèrèsé, wọ́n sá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a sá ni Ernő Erbstein, akọ́nimọ̀ọ́gbá bíi tirẹ̀, ẹni tó padà kọ́ Torino títí ọkọ̀ òfúrufú fi pa á pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Superga ní 1949. Bàbá Guttmann, ẹni ọdún 78, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Auschwitz ni wọ́n pa wọ́n sí.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìwà rẹ̀, pé kì í pẹ́ níbì kan, pé kì í gba ìtọ́nisọ́nà, pé owó ló ń wò, wá yí padà lójú mi. Ẹni tí wọ́n ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò lè fi ọkàn tán ilérí ẹnu àwọn aláṣẹ.

Ní 1946 ó lọ kọ́ ẹgbẹ́ Ciocanul ní Rùmáníà. Oúnjẹ kò sí nílùú, nítorí náà oúnjẹ ló ní kí wọ́n máa fi san owó oṣù òun. Aláṣẹ kan fẹ́ máa bá a yan agbábọ́ọ̀lù, ó kúrò. Ó tún gba líìgì pẹ̀lú Újpest ní 1947, ó wá bọ́ sí Kispest, níbi tí Ferenc Puskás ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin olókìkí. Lọ́jọ́ kan inú bí i sí ẹ̀yìn kan tó ń gbá gbíyànjú-ń-pa, ó ní kó má wọ pápá ní abala kejì, kódà bí wọn ó bá ku mẹ́wàá. Puskás ní kí ẹni náà má dá a lóhùn. Guttmann lọ jókòó láàárín àwọn òǹwòran, ó ń ka ìwé ìròyìn eré ẹṣin títí eré fi parí, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé, kò sì padà wá mọ́.

Báyìí ló ṣe ń rìn. Ítálì, Ajẹntínà, Kípírù tí a mọ̀ nínú Bíbélì, Ítálì padà. Milan gbà á ní 1953. Ní oṣù kejì 1955 Milan wà lókè líìgì, síbẹ̀ wọ́n lé e, wọ́n sì gba líìgì náà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọn kò lè lé òun bí ẹgbẹ́ bá wà lókè. Èmi kò rí ìwà líle nínú ìyẹn.

Ní 1957 ó bá Honvéd dé Gúúsù Amẹ́ríkà, ó dúró ní Bùràsíìlì, ó sì gba ife ìpínlẹ̀ São Paulo pẹ̀lú ẹgbẹ́ São Paulo ní ọdún náà. Lẹ́yìn náà ló wá kọjá sí Pọ́túgàl, ó fi Porto gba líìgì ní 1959, Benfica sì fa á mọ́ra lójú ẹsẹ̀.

Ní Benfica, ó lé nǹkan bí ogún àgbà agbábọ́ọ̀lù lọ, ó gbé àwọn ọ̀dọ́ dìde. Ó fẹ́ kí wọ́n máa kọjú síwájú ṣáá. Kò ka góòlù tí wọ́n bá gbá wọlé òun sí, bí tiwọn bá ti pọ̀ jù ú lọ. Ẹ wo àwọn tó wà lórí pápá: Coluna àti gólì Costa Pereira, Mozambique ni wọ́n bí wọn sí, balógun wọn José Águas àti Santana, Àǹgólà. Ìjọba Salazar ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe ìlú àjèjì, pé ara Pọ́túgàl ni, nítorí náà ọmọ Pọ́túgàl ni gbogbo wọn nínú ìwé. Ọdún 1961 tí Benfica gba ife Yúróòpù àkọ́kọ́, ọdún náà ni ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní Àǹgólà, ọdún náà sì ni ìjọba tiwa gba ilé-olódi Potogí ní Ouidah, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí Benfica na Barcelona 3-2 ní Bern, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Ara kan náà ni ìjọba Lisbon ń fi yangàn lórí pápá tí ó sì ń jà mọ́ lọ́wọ́ nínú igbó.

Eusébio kò tíì gbá ní Bern. Ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ̀ ní Lisbon ni Guttmann ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́nu Bauer, ará Bùràsíìlì tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún São Paulo rí, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ náà ní Lourenço Marques. Benfica yára mú un wá ní oṣù kejìlá 1960, Sporting ní àwọn ló ni ín, ẹjọ́ náà sì fà títí di oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 1962 ní Amsterdam, Real Madrid ni wọ́n bá pàdé. Puskás kan náà tí Guttmann fi Kispest sílẹ̀ fún gbá góòlù mẹ́ta wọlé kí abala kìíní tó parí, Madrid ń lọ níwájú 3-2. Ní abala kejì Coluna mú un dọ́gba, Eusébio gbá méjì wọlé, ó di 5-3. Lẹ́yìn eré Puskás bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ fún Eusébio.

Guttmann lọ bá àwọn aláṣẹ, ó ní kí wọ́n fi kún owó òun. Wọ́n kọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Peñarol ní Uruguay. Ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ti ṣépè.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ọmọ Yorùbá àti ti akẹ́kọ̀ọ́ èdè wò ó pọ̀. Èpè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí a bá ti ń sọ ọ́, irú èyí tí Austin kọ̀wé lé lórí. Sísọ rẹ̀ ni ṣíṣe rẹ̀. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu, kó sì bọ́ sí etí ẹnìkan. Nílé wa a ó bi í: ta ló gbọ́ ọ? Ibo ló ti sọ ọ́? Kò sí ẹ̀rí kan tó dájú láti ọdún 1962. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fi ilé kan gégùn-ún kì í padà wá gba owó oṣù níbẹ̀. Guttmann padà wá kọ́ Benfica ní 1965, ó lo sáà kan. Mo rò pé ìjákulẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ní, wọ́n wá wá èpè sí i lẹ́yìn, bí a ti ń ṣe nílé wa náà nígbà tí nǹkan ò bá gún.

Wọ́n pàdánù ní 1963 àti 1965, ní 1968, ní 1983, ní 1988. Ní 1990 Vienna gan-an ni àṣekágbá bọ́ sí. Guttmann ti kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1981, ẹni ọdún 82, lẹ́yìn tó ti kọ́ni ní Switzerland, ní Gíríìkì àti ní Porto lẹ́ẹ̀kan sí i. Eusébio lọ sí ojú oórì rẹ̀, ó gbàdúrà níbẹ̀ pé kó jẹ́ kí ó tán. Bóyá èpè wà tàbí kò sí, ohun tí ọmọ Mozambique yẹn ṣe yé wa láìsí ògbufọ̀. Milan ló na Benfica 1-0 lọ́jọ́ náà, Milan tó lé Guttmann ní 1955.

Ní 2013 ó tún jẹ́ Amsterdam, Chelsea gbá góòlù wọlé nígbà tí eré ti kọjá ìṣẹ́jú 90. Ní oṣù kejì 2014 wọ́n gbé ère Guttmann kalẹ̀ ní pápá Benfica ní Lisbon. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà Sevilla na Benfica ní pẹnárítì. Ère náà dúró níbẹ̀, ife méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.