Ẹni-Ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti àti Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ó Fi Ṣe Ilé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ yín sí ìkáwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọmọ Abẹ́òkúta ni ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé àjọ̀dún yìí, Abẹ́òkúta náà ni ó sì ti lo ọdún tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo yàn án nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kò tí ì tán láàárín wa. Ní àwọn ọdún 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ ní Èkó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Ní 2001 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè ní ìpàdé wa bóyá ó yẹ kí ọgbà wa tún gba ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin láti máa sùn níbẹ̀, tàbí kí kálukú máa ti ilé wá. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nítorí àwọn ọmọbìnrin. Àwọn mìíràn ní olùkọ́ tí yóò dúró ti ọmọ ọlọ́mọ lóru kò sí mọ́. Kí á tó fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná, ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún 22 láìsinmi.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891 ni a bí i. Bàbá rẹ̀ ni Ẹni-Ọ̀wọ̀ Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà tí ó fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọmọ àlùfáà ni Israel, ilé orin àti ilé àdúrà ni ó sì ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta ní 1908, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró, ibi tí ó ti gba oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1916. Nígbà tí ó dé, ó ṣe olùkọ́ ní CMS Grammar School. Ẹ rántí pé Erékùṣù Èkó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà nígbà yẹn. Ní 1959 ni ó tó kó wá sí Bàríga, lọ́dọ̀ wa ní orí ilẹ̀ níhìn-ín.

Kò pẹ́ púpọ̀ ní Èkó kí wọ́n tó pè é láti wá ṣe ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe é títí di 1932. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1925. Ìyàwó yìí gan-an jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta gbà wọlé, ní 1914, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí gbà pé owó tí a bá ná sórí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, ilé ọkọ ni a ná an sí. Ó kọ́ni díẹ̀ níbẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì padà ní 1922. Nítorí náà, nígbà tí tọkọtaya yìí padà sí Abẹ́òkúta ní 1932, tí ọkọ di ọ̀gá, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n padà sí. Ọkọ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí orúkọ ọmọ jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé; ìyàwó mọ bí ó ti rí kí ọmọbìnrin díẹ̀ jókòó láàárín ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin.

Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Èyí ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára ọkùnrin yìí wà. Ilé ọ̀gá kò ní ògiri tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ irú ayé bẹ́ẹ̀: agogo kí ilẹ̀ tó mọ́, omi pípọn, gbígbá ilẹ̀, koríko gígé, àdúrà òwúrọ̀, oúnjẹ tí kò tó ẹni tí ebi ń pa, àtùpà tí wọ́n ń pa nígbà tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Nínú irú ayé yẹn ni àwọn ọmọ mẹ́rin tí Ọlọ́run fún un ti dàgbà: Dolupo tí ó jẹ́ obìnrin, Olikoye, Fẹlá àti Beko. Kò sí àyè pàtàkì fún wọn. Òfin tí ó de ọmọ àgbẹ̀ láti ìletò de ọmọ ọ̀gá pẹ̀lú, bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ìjìyà, a máa dà bí ẹni pé tiwọn ni ó kọ́kọ́ ń kàn.

Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ àlùfáà mọ ìtàn Élì dáadáa. Hófínì àti Fíníhásì ń jẹ ohun tí kì í ṣe tiwọn nínú ilé Ọlọ́run, bàbá wọn ń wò wọ́n. Mo rò pé ìbẹ̀rù ìtàn yẹn wà lọ́kàn Ransome-Kuti lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín: ọwọ́ rẹ̀ le. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi í pamọ́ nígbà tí wọ́n dàgbà pé pàṣán kò jìnnà sí wọn, láti ọwọ́ bàbá àti ìyá. Fẹlá pàápàá sọ ọ́ káàkiri ayé. Ní tèmi, n kò rò pé nínà yẹn ni ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di ohun tí ó dà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpẹẹrẹ rẹ̀ gbé pàṣán padà sí ọgbà wa. Ohun tí ó yẹ kí á kọ́ ni pé òbí kan ní Ẹ̀gbá lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó sì sùn, nítorí ó mọ̀ pé ohunkóhun tí ọmọ òun bá jẹ tàbí tí ó bá jìyà, ọmọ ọ̀gá wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dáódù ni àwọn tí ó sún mọ́ ọn ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ni Béèrè. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọ ẹbí wọn, kàwé díẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn ní 1946.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni ti àwọn olùkọ́. Nígbà yẹn, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n owó oṣù wọn kò dọ́gba rárá. Àwọn ìjọ a máa sọ pé iṣẹ́ Olúwa ni, èrè rẹ̀ wà lọ́run. Àlùfáà ni Ransome-Kuti, kò sì gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní 1926. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1931, ní CMS Grammar School, àwọn olùkọ́ láti ìlú púpọ̀ pàdé, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NUT. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì wà lórí àga náà títí di 1954. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn tí ó wà láti Abẹ́òkúta dé Èkó, Ìbàdàn àti ìhà Ìlà-Oòrùn, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà, kí ó sì tún padà dé kí agogo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó dún.

Ìjọba òyìnbó pàápàá mọ̀ pé kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n yan ìgbìmọ̀ Elliot ní 1943 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni Ransome-Kuti. Èrò ìgbìmọ̀ náà pín sí méjì. Apá kan fẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì kan ṣoṣo wà fún gbogbo àwọn ilẹ̀ náà. Apá tí ó pọ̀ jù, tí òun àti àwọn ọmọ Áfíríkà yòókù wà nínú rẹ̀, fẹ́ mẹ́ta. Ní 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tí ń tẹríba fún ohun tí kò tọ́. Nígbà kan, ọmọ ogun kan lù ú nítorí pé kò ṣí fìlà nígbà tí ó ń kọjá níwájú àsíá òyìnbó. Ilé rẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń kó àwọn obìnrin ọjà jọ. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Nígbà tí àwọn obìnrin náà dìde sí owó orí ní 1947, ọ̀pọ̀ ọkọ ni ìbá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó wọn. Ransome-Kuti dúró tì í. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo máa ń rò pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wà nínú ọgbà náà lákòókò yẹn kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1954, pẹ̀lú àìsàn jẹjẹrẹ lára. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1955 ni ó kú. Ọjọ́ 24 péré ni ó kù kí ó pé ẹni ọdún 64.

Àwọn ọmọ ni wọ́n mú ìtàn náà dé àdúgbò wa. Ìdí-Òró, lójú ọ̀nà mọ́tò Agége, ni Fẹlá kọ́ ibùgbé rẹ̀ sí. Nítòsí ibẹ̀ ni Beko ti ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá, wọ́n sun ún, wọ́n sun ilé ìwòsàn Beko pẹ̀lú, wọ́n sì ju Béèrè, ìyá arúgbó, láti ojú fèrèsé òkè. Kò bọ́ nínú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Àwọn tí wọ́n ń gbé Mùṣín nígbà náà kò tí ì gbàgbé èéfín ọjọ́ yẹn. Olikoye ní tirẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Ìdí-Àràbà, kí ó tó di mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, tí ó sì ń ti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ìletò. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí ti gba ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ ní kékeré, lórí itan ìyá yín.