Ìwé rélùwéè, okùn ewédú àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bose

Ọ̀fà Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni mo ti ń kọ èyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ físíìsì wá bá mi nílé, ó lóun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn nípa quantum dots, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi rí ẹyọ kan. Mi ò bá a jiyàn. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo sọ fún un, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Jagadish Chandra Bose lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní November 30, 1858, ní Mymensingh, tó ti di ara Bangladesh báyìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ni bàbá rẹ̀, síbẹ̀ iléèwé tí wọ́n ti ń fi èdè Bengali kọ́ni ló kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń na ọmọ torí ó sọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà.

Ó kàwé dé Cambridge, ó padà sílé ní 1885 láti máa kọ́ni ní Presidency College, Calcutta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Owó oṣù tí wọ́n fẹ́ san fún un kò tó ti òyìnbó tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bose ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ́ni lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, títí wọ́n fi san án fún un pé.

Yàrá ìwádìí gidi ńkọ́? Kò sí. Yàrá kékeré kan ló ń lò, alágbẹ̀dẹ páànù kan ló sì ń bá a ṣe irinṣẹ́. Láti 1894 ló ti ń ṣèwádìí ìgbì iná mànàmáná, ìyẹn mọ̀lẹ́bí ìmọ́lẹ̀ tójú ò lè rí. Irú ìgbì yìí lè máa gbọ̀n sókè sódò tàbí sọ́tùn-ún sósì. Bose ń wá ohun tí yóò jẹ́ kó gbọ̀n sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí ló lò? Ìwé àkókò ọkọ̀ rélùwéè, Bradshaw, tó fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti inú páálí sìgá sí àárín àwọn ojú ewé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró de ọkọ̀ títí ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà, ẹ wá wo nǹkan tí ìwé àkókò wúlò fún o!

Ní 1898, ó mú okùn jute, tí wọ́n fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ. Ewédú tá à ń jẹ wà lára igi tí wọ́n ti ń bó okùn yẹn. Ó lọ́ okùn náà sọ́tùn-ún, ìgbì tó gba inú rẹ̀ yí sí apá kan. Ó lọ́ ọ sósì, ìgbì yí sí apá kejì. Ó pò wọ́n pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba, ìgbì ò yí mọ́. Okùn kan náà ni o, bí wọ́n ṣe tò ó ló yàtọ̀.

Ohun tí wọ́n ń lé kiri nínú quantum dots lónìí nìyẹn. Hóró semiconductor tó kéré kọjá ohun tójú lè rí ni wọ́n. Títóbi wọn ló ń pinnu àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn, iṣẹ́ yìí ló sì gba Nobel ti kẹ́mísírì ní 2023. Tí wọ́n bá wà káàkiri, ìmọ́lẹ̀ wọn ń gbọ̀n bó ṣe wù ú. Àmọ́ tí wọ́n bá rí gbọọrọ bí ọ̀pá, tí wọ́n sì tò wọ́n kí gbogbo wọn kọjú síbì kan, ìmọ́lẹ̀ á gbọ̀n sí ọ̀nà kan. Èrè wà níbẹ̀: ojú tẹlifíṣọ̀n LCD ń pàdánù bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí èyí tí ìgbọ̀n rẹ̀ ò bá ọ̀nà mu.

Bose tún fi òkúta òjé tí wọ́n ń pè ní galena ṣe ohun tó ń gba ìgbì, Amẹ́ríkà sì fún un níwèé ẹ̀tọ́ lé e ní 1904. Àwọn ọ̀rẹ́ ló tì í débẹ̀. Kò lépa owó ibẹ̀ rárá. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn.

Ó dá ilé ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1917, ó sì kú ní November 23, 1937.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sọ bóyá òun máa padà síléèwé. Ó kàn bi mí bóyá àpò ìdọ̀họ tó ṣófo wà nílé.