John Eberson, ẹni tí ó gbé ojú ọ̀run wọ inú ilé sinimá

Ní ọdún 1875 ni a bí John Eberson sí ìlú Czernowitz, tí ó wà lábẹ́ ọba ilẹ̀ Austria nígbà náà. Ukraine ni ilẹ̀ náà ń jẹ́ lónìí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní Vienna, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1901. Níbẹ̀ ni ó ti di ayàwòrán ilé. Ilé eré àti ilé sinimá ni ó mú ní iṣẹ́.

Ní ìgbà náà, ààfin ọba ni wọ́n ń fi ilé sinimá ńlá jọ. Wọ́n á fi omi wúrà kun ògiri, wọ́n á so fìtílà ńláńlá mọ́ àjà. Eberson gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìlú Houston, ní ọdún 1923, ó ṣe inú ilé sinimá Majestic bí ọgbà kan ní ilẹ̀ Ítálì. Àjà ibẹ̀ tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ní àwọ̀ ojú ọ̀run alẹ́. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n fi iná kékeré sẹ́yìn ihò náà. Ìràwọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ń tan àwòrán àwọsánmà sí àjà, àwọsánmà náà a sì máa rọra kọjá. Ògiri ẹ̀gbẹ́ jọ iwájú ilé, ó ní fèrèsé àti òrùlé. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé á rò pé ìta gbangba ni òun wà. Beatrice Lamb, ìyàwó rẹ̀, mọ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé dáradára, ó sì ń bá a ṣiṣẹ́.

Ọ̀ṣọ́ yìí kò náni tó omi wúrà, nítorí náà àwọn onílé sinimá ń wá a kiri. Ó ṣe ti Tampa ní ọdún 1926, ó ṣe ti San Antonio ní ọdún 1929. Ní San Antonio, ẹnu ọ̀nà àwọn aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, òkè téńté ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ojú ọ̀run kan náà ni gbogbo wọn ń wò, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀.

Kí ọdún 1929 náà tó parí, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Kò sí owó ọ̀ṣọ́ mọ́. Eberson àti Drew, ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé sinimá tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní Páàrì, Jacques Haïk, oníṣòwò sinimá tí a bí ní Tunis, fẹ́ irú ìràwọ̀ yẹn. Auguste Bluysen ni ó ya ilé náà, Eberson sì bá a lọ́wọ́ sí i. Wọ́n ṣí Grand Rex ní oṣù Kejìlá, ọdún 1932.

Eberson kú ní ọdún 1954. Wọ́n ti wó Majestic ti Houston. Ìràwọ̀ Tampa àti ti Grand Rex ṣì ń tàn.